Ogún Ìṣẹ́jú Nínú Aṣọ Oníná: Ta Ló Ń Ṣiṣẹ́?

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Tó bá ṣe ti ẹnu nìkan ni, kò sí ìkòkò ẹ̀fọ́ tí kò ní jinná kí oòrùn tó yọ. Irú ẹ̀fọ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílé eré ìdárayá kan ń rò fún àwọn ará ìlú ńlá báyìí. Wọ́n ní kí a má wulẹ̀ gbé irin mọ́. Wọ́n ní kí a yéé sáré kiri òpópónà ní ìdájí bí ẹni tí olè ń lé. Wọ́n ní ogún ìṣẹ́jú péré lọ́sẹ̀ ti tó: kí èèyàn ṣá wọ aṣọ kan tí wọ́n ti so wáyà mọ́, kí olùkọ́ yí bọ́tìnnì, kí iná mànàmáná sì bá a fún gbogbo iṣan ara pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ikùn á wọlé, apá á ki, ẹ̀yìn ríro á di ohun ìgbàgbé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé ogún ìṣẹ́jú yẹn tó odindi wákàtí mélòó kan nínú eré ìdárayá tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mi ò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀ o. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni pé kí n gbé ọjà yìí ka orí ìwọ̀n, kí a wo ohun tí àwọn tó fi ìwádìí wọ̀n ọ́n rí, kí a sì fi wé ohun tí àwọn tó ń tà á ń wí. Èrò tèmi ni pé ẹ̀rọ náà wúlò, ó wúlò gan-an ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ń fi ìpolówó pè kọ́ ni àwọn tó wúlò fún jù. Èyí tó sì burú jù níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n fi ń yangàn, pé èèyàn ò ní ṣe wàhálà, inú rẹ̀ gan-an ni ewu fara pamọ́ sí.

IṢAN ÀTI INÁ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọpọlọ ni ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún iṣan. Bí èèyàn bá fẹ́ gbé korobá omi, ọpọlọ á ránṣẹ́ gba inú okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà káàkiri ara. Nígbà tí iṣẹ́ náà bá dé apá, iṣan apá á fún pọ̀, korobá á sì kúrò nílẹ̀. Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán yẹn, irú iná mànàmáná kékeré kan ni. Nítorí náà, bí a bá ti ìta fi iná díẹ̀ kan ara, okùn yẹn kò mọ̀ bóyá ọpọlọ ló pe òun ni tàbí wáyà. Á jíṣẹ́ náà bẹ́ẹ̀, iṣan á sì fún pọ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Àwọn apẹja odò Ọya mọ òjìjí dáadáa, ẹja tó máa ń gbọn ọwọ́ ẹni tó bá dì í mú jìnnìjìnnì. Iná tó ń bẹ lára ẹja náà lè tó 350 volt. Ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, oníṣègùn ará Róòmù kan tó ń jẹ́ Scribonius Largus kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n gbé irú ẹja oníná bẹ́ẹ̀, èyí tí ń gbé inú òkun, lé ẹni tí orí ń fọ́ lórí. Ní 1791, Luigi Galvani ti ìlú Bologna ní Ítálì tẹ ìwé jáde lórí bí ẹsẹ̀ àkèré tó ti kú ṣe ń ta nígbà tí iná bá kàn án. Ní 1803, ọmọ arábìnrin rẹ̀, Giovanni Aldini, gbé ọ̀rọ̀ náà dé London. Ó fi iná kan òkú ọ̀daràn kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹgi fún níbẹ̀. Ojú òkú kan là, ọwọ́ rẹ̀ gbé sókè, ó sì di ìkúùkù.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ òkú yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i. Òkú di ìkúùkù, ṣùgbọ́n òkú kò ṣiṣẹ́. Iṣan lè mira láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín lọ́wọ́ sí i.

Láti ìgbà náà wá ni àwọn dókítà ti ń fi iná tọ́jú iṣan tó bá rọ. Wọ́n ń lò ó fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá mọ́lẹ̀, fún ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ ṣèṣe nínú jàǹbá ọkọ̀, àti fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún tí itan rẹ̀ ti ń gbẹ. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ ṣiṣẹ́, ara ni kò jẹ́. Iná wá dà bí ọmọ tó ń di arúgbó lọ́wọ́ mú gun àtẹ̀gùn. Kò sí ẹni tó lè rí àléébù nínú ìyẹn.

ÀWỌN TÓ TI TÀ Á RÍ

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò náà kò sùn. Láti 1949 ni wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ kan ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Relax-A-Cizor. Àwọn obìnrin ni wọ́n fojú sùn. Wọ́n ní kí ìyáàfin so páàdì mọ́ ikùn àti itan, kó jókòó sórí àga rẹ̀, ẹ̀rọ á bá a fa ikùn náà wọlé. Nǹkan bí 400,000 ni wọ́n tà. Àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn níbẹ̀, gbé ẹjọ́ wọn lọ sí kóòtù, ó ko ẹ̀rí kalẹ̀ pé ẹ̀rọ náà lè ṣe ọkàn ní jàǹbá, pé ó sì léwu fún aláboyún àti oníwárápá. Ní 1970, kóòtù fòfin de títà rẹ̀.

Ṣé ọ̀rọ̀ wá tán síbẹ̀? Rárá o. Ní 2002, àjọ FTC, tó ń gba oníbàárà lọ́wọ́ ìpolówó ẹ̀tàn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan náà, tún gbé àwọn tó ń ta bẹ́líìtì oníná mẹ́ta lọ sí kóòtù. Orúkọ àwọn bẹ́líìtì náà ni AbTronic, AB Energizer àti Fast Abs. Orí tẹlifíṣàn ni wọ́n ti ń polówó wọn. Wọ́n ní kí èèyàn ṣá de bẹ́líìtì mọ́kùn, láìlàágùn rárá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdìde-jókòó. Kí ìjọba tó dá sí i, owó tí àwọn èèyàn ti ná lórí bẹ́líìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lé ní mílíọ̀nù 100 dọ́là.

Àwọn ará Rọ́ṣíà náà kò gbẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onímọ̀ ni tiwọn. Ní 1977, Yakov Kots ti ilẹ̀ Soviet sọ ní Montreal pé iná lè fi ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára àwọn eléré ìdárayá tó ti le tẹ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn gbìyànjú ọgbọ́n náà wò. Agbára wọlé díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rí kò tó iye tí wọ́n gbọ́.

Ẹni tó bá wo gbogbo ìtàn yìí á rí i pé ohun kan náà ni wọ́n ń tà láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ̀rọ ń yí padà, ó kúrò ní páàdì, ó di bẹ́líìtì, ó tún di aṣọ. Ọjà tó wà nínú páálí kò yí padà: kí ara le láìṣiṣẹ́.

OHUN TÍ WỌ́N WỌ̀N NÍ JÁMÁNÌ

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́: aṣọ oníná òde òní sàn ju bẹ́líìtì orí tẹlifíṣàn lọ fíìfíì. Jámánì ni ibùdó rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ miha bodytec, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2007 ní Gersthofen nítòsí Augsburg, wà lára àwọn tó gbé e dé ìgboro. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Oníbàárà á wọ aṣọ abẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ara. Wọ́n á fi omi rin àwọn páàdì kí iná lè rọ́nà wọlé, wọ́n á wá dè wọ́n mọ́ àyà, ikùn, ẹ̀yìn, ìdí, itan àti apá. Iná á dé fún bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, á sinmi fún mẹ́rin, á tún dé. Bí ìgbà 85 ló ń ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná bá ti dé, oníbàárà á rọra tẹ orúnkún, á na apá, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣe eré ìdárayá àárọ̀. Olùkọ́ á dúró tì í. Bó bá pé ogún ìṣẹ́jú, ó parí.

Ẹ ò rí i pé oníbàárà náà ń ṣe nǹkan díẹ̀? Kò dùbúlẹ̀ bíi ti òkú Aldini. Kókó pàtàkì nìyẹn, ìpolówó kì í sì í sọ ọ́ sókè tó.

Ní Yunifásítì Friedrich-Alexander ní Erlangen, Wolfgang Kemmler àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ẹ̀rọ yìí wò. Nínú ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn, wọ́n kó obìnrin 76 jọ, gbogbo wọn ti pé 70 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í ṣe eré ìdárayá. Fún ọ̀sẹ̀ 54 gbáko, àwọn kan wọ aṣọ oníná, àwọn yòókù ń ṣe eré ìdárayá pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Àwọn tó wọ aṣọ ní iṣan sí i, ẹsẹ̀ wọn sì le sí i ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú òmíràn, ọkùnrin 100 tó ti lé ní 70 ọdún, tí iṣan wọn ti ń gbẹ tí ọ̀rá sì ń pọ̀, ni wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 16 tọ́jú. Àwọn tí wọ́n fún ní iná pẹ̀lú èròjà oúnjẹ tó ń kọ́ iṣan, ọ̀rá ara wọn jò, iṣan wọn sì pọ̀ sí i.

Ẹ má fojú kéré èyí. Ẹni tó bá ní ìyá àgbà nílé tí kò lè dìde lórí àga láìdi nǹkan mú mọ ohun tí mò ń sọ. Láàárín kí ẹsẹ̀ le díẹ̀ àti kó máa gbọ̀n, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bóyá ìyá á ṣubú nínú balùwẹ̀ tàbí kò ní ṣubú wà. Fún irú àgbà bẹ́ẹ̀, tí orúnkún kò jẹ́ kó gbé irin, tí ẹ̀yìn kò jẹ́ kó sáré, aṣọ oníná lè jẹ́ ìrànlọ́wọ́ ńlá.

Ní 2016, wọ́n tún gbé ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí àwọn oníṣòwò fẹ́ràn jù. Ọkùnrin 48 ni, ọjọ́ orí wọn wà láàárín 30 sí 50, ara wọn le, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe eré ìdárayá. Apá kan wọ aṣọ oníná ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Apá kejì gbé irin wíwúwo kíkankíkan ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 16, èrè àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ní ti iṣan tó wọlé àti ní ti agbára ẹsẹ̀.

Fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe wí. Bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti ilé ìwádìí dé ẹnu oníṣòwò, á ti di pé ó ta á yọ ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ tún wo àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí náà: àwọn tí kì í ṣe nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni tó ti jókòó fún ọdún mẹ́wàá, ohun yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ á ṣe é lóore. Ẹ wo àwọn ìyá àgbà yẹn náà, eré pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi aṣọ oníná díje. Ẹni tó bá fi ẹṣin díje pẹ̀lú àgùntàn, tí ẹṣin sì borí, ó ti fi hàn pé ẹṣin yára ju àgùntàn lọ. Kò tíì fi hàn pé ẹṣin yára ju ẹṣin lọ.

HORO ṢÚGÀ KAN

Ẹ wá jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ sísanra wò, nítorí òun ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé lọ sanwó. Ní 2012, àwọn ará Erlangen yìí kan náà mú ọ̀dọ́kùnrin 19, wọ́n ní kí wọ́n ṣe eré ìdárayá kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan láìsí iná, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú iná. Láìsí iná, ìwọ̀n tí ara wọn fi ń jó oúnjẹ jẹ́ kálórì 352 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú iná, ó di 412.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ohun tí iná fi kún un jẹ́ kálórì 60 ní wákàtí kan. Ogún ìṣẹ́jú jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta wákàtí. Kálórì 20 nìyẹn. Horo ṣúgà onígun kan, irú èyí tí a ń jù sínú kọ́ọ̀bù tíì, ní bíi kálórì 16. Nítorí náà, ẹni tó wọ aṣọ oníná, tí wọ́n fi omi rin, tí iná gbọ̀n ọ́n fún ogún ìṣẹ́jú, tó wá bọ́ síta tó mu ìgò mínírà kan nítorí òùngbẹ, ẹ ò rí i pé gbèsè ló jẹ wọlé? Lóòótọ́, iṣan tó bá ki sí i á máa jẹ oúnjẹ díẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn náà kò tó ohun tí à ń fi àkàrà dín-dín mẹ́ta dá padà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò ráyè ni.” Òótọ́ ni. Ẹni tó kúrò nílé ní aago márùn-ún àárọ̀, tó dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ti gba ìyókù agbára rẹ̀, èèyàn ò lè bá a wí. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà ka àkókò rẹ̀ pé: àkókò tí ó fi lọ, èyí tó fi wọ aṣọ, èyí tó fi wẹ̀, èyí tó fi bọ̀. Ogún ìṣẹ́jú ti di wákàtí kan ààbọ̀. Nínú ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yára díẹ̀, irú bíi rírìn kíákíá, kó sì fi ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣe èyí tó ń mú iṣan le. Aṣọ oníná lè gbìyànjú lórí èkejì. Èyí àkọ́kọ́, tó jẹ́ ti ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, ogún ìṣẹ́jú títẹ orúnkún kò lè dípò rẹ̀.

Ẹ̀ṢỌ́ TÍ INÁ Ń FÒ KỌJÁ

Mo ní ewu rẹ̀ fara pamọ́ sínú ohun tí wọ́n fi ń yangàn. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Bí ọpọlọ bá pe iṣan ṣiṣẹ́, kì í pe gbogbo wọn pọ̀. Ó máa ń kọ́kọ́ pe àwọn fọ́nrán kéékèèké tí kì í tètè rẹ̀. Bí ẹrù bá ń wúwo sí i, á pe àwọn ńlá. Wọ́n á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn aláàárù tó ń pààrọ̀ ẹrù: èyí á gbé, ìyẹn á sinmi. Bí ó bá sì tó gẹ́ẹ́, apá á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èémí á le, ẹni tó gbé àpò sìmẹ́ǹtì á sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àárẹ̀ yẹn, ẹ̀ṣọ́ ni. Òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń sọ fún wa pé ó tó.

Iná kò mọ ẹ̀ṣọ́ kankan. Kì í gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn fọ́nrán tó bá kàn ló ń jí, àwọn kan náà ni, lẹ́ẹ̀kan náà, títí ìṣẹ́jú fi pé. Ó sì ń ṣe é fún itan, ìdí, ẹ̀yìn, àyà àti apá lákòókò kan. Kò sí ẹni tó lè fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ fún gbogbo iṣan pọ̀ bẹ́ẹ̀. Bọ́tìnnì ló ń pàṣẹ, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì wà lórí bọ́tìnnì.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ní 2015, àwọn ará Erlangen kan náà kọ ohun tí wọ́n rí lára èèyàn 26 tí ara wọn le ṣùgbọ́n tí wọn ò wọ aṣọ náà rí. Wọ́n fún wọn ní iná tó le ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n wá ń wo èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní creatine kinase. Inú iṣan ló yẹ kí èròjà yìí wà. Bó bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, iṣan ti ya nìyẹn. Ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin, ó ti di ìlọ́po 117 iye tó wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ nínú wọn, nítorí ara wọn le, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn lójú méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ti ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ara ti mọ́ ọn, ìlọsókè náà sì ti dínkù gidigidi. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọjọ́ ewu. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fi lọ oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, tí olùkọ́ tí kò gbọ́n á sì fẹ́ fi agbára ẹ̀rọ rẹ̀ hàn án.

Nígbà tí iṣan bá tú sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́nà bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ń pè é ní rhabdomyolysis. Kíndìnrín ló ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìdọ̀tí iṣan sì lè dí i bí ìyàngbò ṣe ń dí asẹ́. Ní 2016, àwọn dókítà kan kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ nípa ọ̀dọ́kùnrin ẹni 20 ọdún kan ní Ísírẹ́lì tó bá ara rẹ̀ ní ọsibítù nítorí irú àìsàn yìí lẹ́yìn tó wọ aṣọ oníná. Wọ́n ní ó tó àkókò kí òfin dé sí i. Ní Jámánì tó jẹ́ ibùdó rẹ̀, òfin dé lóòótọ́. Láti 31 December 2020 ni òfin kan ti ń darí rẹ̀ níbẹ̀, láti ìparí 2022 ni wọ́n sì ti fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń fi iná yìí ṣiṣẹ́ lára èèyàn gba ẹ̀kọ́ tó yẹ. Bí àwọn tó ni ọjà bá ń bẹ̀rù rẹ̀ tó báyìí, kí ni kí ẹni tó rà á ṣe?

Ọ̀rọ̀ kan wá kù tó kan àwa gan-an, ẹni tó wà ní Èkó o, ẹni tó wà ní London o, ẹni tó wà ní Houston o. Nínú èèyàn mẹ́rin ní Nàìjíríà, bí ẹnì kan ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ẹni náà kì í ṣe alárùn fòníkú-fọ̀la-dìde, ara rẹ̀ le, ó sì lè máà tilẹ̀ rántí rẹ̀ àfi nígbà tó bá ń wá aya tàbí ọkọ. Ṣùgbọ́n ní 2016, wọ́n gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí iye wọn tó 48,000. Àwọn AS inú wọn kò kú ju àwọn yòókù lọ, ìyẹn ni kí a kọ́kọ́ dúpẹ́ lé lórí. Àmọ́ ewu pé kí iṣan wọn tú sínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekára fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn yòókù lọ. Iṣẹ́ ológun ni wọ́n wọ̀n níbẹ̀, kì í ṣe aṣọ oníná. Síbẹ̀, àìsàn kan náà ni. Àwọn ìwé ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ ní Erlangen, ara àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fi kọ wọ́n. Olùkọ́ tí kò bá bi ọmọ Yorùbá ní ìbéèrè nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀.

TA NI Ó TỌ́ SÍ?

Ìdájọ́ mi nìyí. Arúgbó tí iṣan rẹ̀ ń gbẹ, ẹni tí ẹ̀yìn tàbí orúnkún kò jẹ́ kó ṣe eré ìdárayá mìíràn, ẹni tí dókítà sọ fún pé kó lò ó: kí wọ́n lò ó, lábẹ́ ojú ẹni tó mọ iṣẹ́. Àwọn gan-an ni ó yẹ kí àwòrán wọn wà lára ògiri ilé ìtajà náà. Ṣùgbọ́n ta ni à ń rí níbẹ̀? Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ikùn rẹ̀ pín sí mẹ́fà bí búrẹ́dì, àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ní kókó ọ̀rá kan lára. Ẹ bi wọ́n bóyá inú aṣọ oníná nìkan ni wọ́n ti rí ikùn yẹn. Ẹni tó lè rìn, tó lè gun àtẹ̀gùn, tó lè dọ̀bálẹ̀ kó fi apá ti ara rẹ̀ sókè, kò sí ohun tí aṣọ náà ń tà tí kò ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè bá a rà ni pé kó má fẹ́ ṣe é. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ wò ó, mi ò ní dì í lọ́wọ́. Àgbà kì í so ọmọ mọ́lé. Kó ṣá mọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ bó bá lóyún, bí ẹ̀rọ bá ń ran ọkàn rẹ̀ lọ́wọ́ nínú àyà, bí wárápá bá ń ṣe é, tàbí bí ibà bá wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí ó jẹun kó tó lọ, kó mu omi dáadáa, kó má sì mu ọtí. Kí ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrú, kí iná rẹ̀ sì rọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá àkọ́kọ́, kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ara bá ń dùn ún jù lẹ́yìn rẹ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú bíi kóòkì, kó má sọ pé agbo lòún fẹ́ mu. Ọsibítù ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà.

Kó tó sanwó, kó bi olùkọ́ ní ìbéèrè mẹ́ta. Níbo lo ti kọ́ iṣẹ́ yìí? Èèyàn mélòó lò ń bójú tó lẹ́ẹ̀kan náà? Bí ó bá ju méjì lọ, àwọn tó kọ ìmọ̀ràn náà ní Jámánì ti ní ó pọ̀ jù. Ìkẹta ni pé: kí lo fẹ́ mọ̀ nípa mi kí o tó tan iná? Bí olùkọ́ bá ní òun fẹ́ mọ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣe, bí kíndìnrín rẹ̀ ṣe wà, irú ẹ̀jẹ̀ tó ní àti oògùn tó ń lò, a lè jókòó sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní ìwọ̀n aṣọ nìkan lòún fẹ́ mọ̀, kí ó bọ́ aṣọ oníná náà sílẹ̀, kó kí wọn pé ó dàbọ̀, kó sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rìn lọ sílé.